Lẹ́tà sí Bọ̀dá Jimi Hendrix, láti ọwọ́ òsì mi

Bọ̀dá Jimi,

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dárúkọ yín nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, gààrí ni ìyá mi àgbà, tí à ń pè ní Màmá, ń kù lọ́wọ́. Ó dá ajọ̀ dúró. "Jìmí? Olújìmí ọmọ ta ni? Ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni àbí ará Àgọ́-Ìwòyè?" Mo ní onítajìtá kan ni, ará Amẹ́ríkà, ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Seattle ni wọ́n bí i sí. Màmá mirí. "Wọ́n ti kó àwọn ìyẹn lọ tipẹ́. Orúkọ nìkan ló ṣẹ́kù lára rẹ̀." Ó sì ń bá gààrí rẹ̀ lọ.

Mi ò já a ní koro pé orúkọ tiwa kọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ràn bó ṣe sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ "ẹ" àti "o" ná. Ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 1942 ni wọ́n bí yín. Ẹgbẹ́ bàbá mi ni yín. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni yín nígbà tí ẹ kú ní London, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 1970. Àwọn ọmọkùnrin tó ń bá mi gbé ẹ̀rọ lọ sóde lónìí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Ara mi ò kàn gbà á kí n máa pe ẹgbẹ́ bàbá mi ní "ìwọ" ni, kódà kó jẹ́ pé ọmọdé ló kú. "Ẹ" náà ni n ó máa lò.

Kásẹ́ẹ̀tì kan tí àbúrò bàbá mi mú bọ̀ láti Èkó ni mo fi mọ̀ yín. Kí n tó gbọ́ orin, mo rí àwòrán ara páálí rẹ̀: ọkùnrin dúdú tí irun rẹ̀ kún orí dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì ta jìtá. Mo rò pé wọ́n tẹ àwòrán náà sódì ni. Mo gbé e síwájú dígí láti fi wo bó ṣe yẹ kó rí. Àfi ìgbà tí mo ka lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ tán, tí mo rí i pé lẹ́tà kankan ò yí sódì, ni mo tó gbà pé òótọ́ ni.

Ẹ̀yin ò lè mọ ohun tíyẹn jẹ́ fún mi. Láti kékeré ni Màmá ti ń fi gèlè di ọwọ́ òsì mi mọ́ ìhà bí mo bá fẹ́ jẹun. Kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ló ń bà á pé lọ́jọ́ kan n ó fi ọwọ́ yẹn na nǹkan sí àgbàlagbà, wọn ó sì ní ilé wa ò kọ́mọ. Àwọn èèyàn wa ní ọwọ́ òsì ni a fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀tún ni Màmá ń lò fún méjèèjì, òsì mi ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ nìyí. Leon àbúrò yín ti sọ ọ́ pé bàbá yín gbà pé iṣẹ́ èṣù ni kéèyàn máa fi òsì ta jìtá. Ó ní bí Bàbá bá ti wọlé, kíá lẹ ó yí jìtá padà sí ọ̀tún, tí orin ò sì ní dúró. Bọ̀dá, báwo? Bí ẹ bá yí i, gbogbo okùn ló dorí kodò: èyí tó nípọn bọ́ sísàlẹ̀, èyí tó tín-ín-rín gun òkè. Àwọn ìka ní láti gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n sì tún un mọ̀ kí ilẹ̀kùn tó padé. Èmi ti gbìyànjú rẹ̀. Mo dà bí ẹni tó ń wọ ṣòkòtò gba orí. Ṣé orin kan náà ni Bàbá ń gbọ́, àbí ó mọ̀, tó kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀?

Mo bi yín torí pé ilé wa náà mọ nǹkan tí kì í sọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, mo rí àwọn bàbá méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Òṣùgbó, ìyẹn Ògbóni, níbi ìsìnkú kan ládùúgbò. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi bọ ara wọn lọ́wọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni mú ẹyin. Mo sáré lọ fẹjọ́ wọn sun Màmá, mo ní kí wọ́n lọ di ọwọ́ tiwọn náà. Ó gbá mi lẹ́nu. Kò là á yé mi nígbà náà, kò sì là á yé mi títí tó fi kú.

Ó dáa, ìbéèrè iṣẹ́. Bí mo bá bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin wa, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Jìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni èmi náà ń yí padà bí tiyín, torí òun la rí rà. Mo tú okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo tò wọ́n sódì. Okùn tó nípọn jù ò wọ ojú ihò tó wà lọ́rùn jìtá, mo fi ayùn irin kékeré gbẹ́ ẹ títí ó fi gbà. Lórí ìtàgé, ọrùn jìtá mi àti ti ẹnìkejì mi a máa kan ara wọn bí ìwo àgbò, títí ọ̀gá wa fi lé mi lọ sí ìpẹ̀kun ìlà. Gbogbo ìyẹn kò burú. Kókó tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè sódò ni wàhálà. Tí jìtá bá ti dorí kodò, òkè ni kókó wọ̀nyẹn ń wà, gẹ́rẹ́ lábẹ́ apá. Òde kan wà tí a ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó, olóyè kan ń náwó fún mi níwájú orí, mo ní kí n fi okùn dá a lóhùn, ọwọ́ bùbá mi kọ́ kókó ohùn, jìtá dákẹ́ lójijì. Olóyè dúró, ó wò mí, ó sì kó ìyókù owó rẹ̀ lọ fún onígángan.

Bọ̀dá, ẹ̀wù ẹ̀yin fẹ̀ ju tèmi lọ! Mo rí èyí tí ẹ wọ̀ ní òde orin Woodstock lọ́dún 1969, awọ funfun tí ìṣẹ́tí ń jò wálawàla lápá rẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹlòmíì á bi yín nípa orin orílẹ̀-èdè tí ẹ ta láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe sójà rí. Èmi, ọwọ́ ẹ̀wù yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ti jìtá tí ẹ dáná sun ní òde orin Monterey, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1967, n ò ní bi yín. Ọwọ́ ara yín lẹ fi kùn ún lọ́dà kí ẹ tó sun ún. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Lọ́dún 1969 kan náà, ẹ dé Morocco. Ìgbà yẹn, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ lọ́dọ̀ wa níbí. Mo kàn ń rò ó ni, pé bí kì í bá ṣe ogun, bóyá ẹ ì bá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i.

Àrùn rọpárọsẹ̀ mú Màmá lápá ọ̀tún. Oṣù méjì gbáko ló fi ń fi ìborùn bo òsì mọ́lẹ̀ bí àlejò bá dé. Bí wọ́n bá fún un lówó, a ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ku èmi àti òun, ìkọ́kọrẹ́ ń tutù níwájú rẹ̀. Ó ní, "Wá fi hàn mí." Mo fi ṣíbí sí i lọ́wọ́ òsì. Ó fún un mọ́wọ́ bí ẹni di ọmọ odó mú, mo ní kó dẹ àtàǹpàkò. Èkíní dà sórí ìró rẹ̀, èkejì dé ẹnu. Ó jẹ ẹ́ tán, ó wo ọwọ́ náà, ó ní, "Ọwọ́ yìí ò ṣẹ ẹnì kankan." Mi ò bi í bóyá tirẹ̀ ló ń wí ni àbí tèmi.

Bàbá yín wà láyé títí di ọdún 2002. Òun náà ló ra jìtá oníná àkọ́kọ́ fún yín lọ́dún 1959, Supro Ozark funfun. Ọjọ́ tó gbé e wọlé yẹn, nígbà tó ń gbé e lé yín lẹ́sẹ̀, ṣé ó kọ ọrùn rẹ̀ sápá òsì ni àbí sápá ọ̀tún?

Ẹ̀yin náà, ọwọ́ wo lẹ fi gbà á?

Èmi ni,
onítajìtá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde.