Àdùnní, fi "deshita" yẹn sílẹ̀

Àdùnní ọmọ mi,

Mo ti gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, má bínú. O jẹun tán, o wá fi èdè Japan wí fún ìyá onílé pé "oishii deshita", pé oúnjẹ náà dùn. Ọmọ mi ni ọ́ lóòótọ́! Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn ní Nagoya ní Japan, láyé ìgbà tí mo ń ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ wálé. Màmá tó gbé oúnjẹ fún mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "oishikatta desu."

Gẹ̀ẹ́sì ló ń tì wá síbẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wa nílé-ìwé pé a gbọ́dọ̀ wá "is" tàbí "was" fi ti irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ilé wa, ta ló ń sọ pé ọbẹ̀ "jẹ́ dídùn"? Ọbẹ̀ dùn, ó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni takai ("ó ga"), oishii ("ó dùn") àti samui ("òtútù mú") ṣe ń dá dúró. Yama ga takai: òkè ga. (Má jẹ́ kí "ga" àárín yẹn tàn ọ́ o, kì í ṣe tiwa. Takai gan-an ló ga.)

Àmọ́ àwa kì í yí "dùn" padà nítorí pé àná ló dùn. Àwọn ará Japan ń yí i. Yọ i tó gbẹ̀yìn kúrò, fi katta dípò rẹ̀, ó di ti àná: takakatta. Fi kunai síbẹ̀, ó di "kò ga": takakunai. Bí kò bá ga lánàá ńkọ́? Takakunakatta. Ahọ́n á kọ́kọ́ lọ́ ọ. Máa pè é bí o bá ń fọ abọ́. Desu tó ń tẹ̀ lé e, ọ̀wọ̀ lásán ni, bí "ẹ" tí a fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Kò mọ àná, kò mọ òní.

Olórí kunkun inú wọn ni ii, "ó dára". Yokatta ló ń dà, nítorí yoi ni ìpè rẹ̀ àtijọ́. Wàá máa gbọ́ yokatta bí ìròyìn ayọ̀ bá dé, bí àwa ṣe ń ní "ọpẹ́ o!"

Ṣọ́ra fún kirei, "ó rẹwà", àti yūmei, "ó lókìkí". I ló gbẹ̀yìn wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ará ilé yẹn. Láti èdè Ṣáínà ni wọ́n ti wá, i wọn sì wà lára ọ̀rọ̀ náà gan-an. Bí o bá gé e, o gé e lẹ́sẹ̀. Na ni wọ́n fi ń so wọ́n mọ́ ohun tó rẹwà: kirei na hana, òdòdó tó rẹwà. Kirei deshita tọ̀nà. Deshita tí o fẹ́ lò tipátipá yẹn, desu ti àná ni, ibí nilé rẹ̀.

Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá òtútù mú ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Fi samui dáhùn, màá túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ