Lẹ́tà Gbangba sí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ẹ Fún Àwọn Ọmọ Wa Ní Ẹni Tí Wọ́n Lè Fọ̀rọ̀ Lọ̀

Sí Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti Kọmíṣánnà fún ètò ẹ̀kọ́;
Sí Kábíyèsí Aláyélúwà, Àtáọ́ja ti ìlú Òṣogbo. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.

A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a kí yín o.

Ọmọ bíbí Òṣogbo àti àwọn ìlú tó yí i ká ni àwa tí a kọ lẹ́tà yìí, iṣẹ́ òòjọ́ ló gbé wa dé Ìlú Ọba. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ẹgbẹ́ wa ti ń pàdé. Nọ́ọ̀sì wà nínú wa, dókítà wà, olùkọ́, lọ́yà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Alága wa fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń yọ lẹ́nu. Akọ̀wé wa ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Manchester. Ìyá ẹgbẹ́ wa ṣe igbákejì pùríńsípà ní Òṣogbo kí wọ́n tó rìnrìn àjò, ọ̀pọ̀ èèyàn tó di ipò mú nílé lónìí ló sì gba ọwọ́ wọn kọjá. Àwa kan nínú ìgbìmọ̀ yìí ka ìwé wa ní Osogbo Grammar School. Àwa la dáwó ra àga àti tábìlì fún ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta, àwa náà la gbẹ́ bòrehólù sí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé a ń ka iṣẹ́ ọwọ́ wa. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwọn tó jókòó sókè òkun ni wọ́n ń pariwo.

Ẹ ti wo fídíò náà. Gbogbo Òṣogbo ti wò ó, láti Ọlá-Ìyá dé Òkè-Baálẹ̀, ó sì ti dé orí fóònù tiwa náà. Ọmọ kan wọ yunifọ́ọ̀mù, ó kúnlẹ̀ nínú kíláàsì, àwọn síníọ̀ rẹ̀ ń fi bẹ́líìtì nà án, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. A kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, torí ọmọ ọlọ́mọ ni. Ohun tó fà á kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, a kò ní fi àlàyé rẹ̀ gba àkókò yín.

Ohun tó bí wa nínú jù ni ohun tó tẹ̀ lé e. Ta ló ya fídíò? Ta ló gbé e jáde? Ta ló fẹ́ ba orúkọ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́? Gbogbo ẹnu ló ń bèèrè ìyẹn. A kò gbọ́ kí ẹnì kan bèèrè bóyá ọmọ náà rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tàbí bóyá kíláàsì kan náà ni wọ́n ní kó padà sí ní ọjọ́ Ajé. Bí ó ṣe rí náà nìyẹn ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí fídíò ọmọbìnrin kan tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá létí léraléra jáde láti ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Àbújá. Mínísítà fún ọ̀rọ̀ obìnrin lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ náà fún ọjọ́ díẹ̀, ariwo sì rọlẹ̀.

Òfin kọ́ la kò ní. Nàìjíríà ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2003, ìpínlẹ̀ wa sì gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní 2007. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde lórí ààbò ilé ẹ̀kọ́ àti mímú ìwà ipá kúrò níbẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kó ọmọbìnrin 276 lọ ní Chibok ní April 2014, bí a bá ti pe ààbò, fẹ́ǹsì àti ọlọ́dẹ ni àwọn aláṣẹ ń gbọ́. A kò sọ pé kí ẹ má mọ fẹ́ǹsì. Ní January 2024 ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì ní Ẹmùré-Èkìtì, Èkìtì kò sì jìnnà sí wa rárá. Ṣùgbọ́n inú fẹ́ǹsì ni wọ́n ti na ọmọ tí a rí yìí. Ọlọ́dẹ wà lẹ́nu géètì.

Ohun kan ṣoṣo la wá tọrọ: kí ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kọ̀ọ̀kan ní Òṣogbo ní kọ́ńsẹ́lọ̀ tòótọ́, ìyẹn olùdámọ̀ràn tí àwọn ọmọ lè fọ̀rọ̀ lọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà òyìnbó la fẹ́ kó wá. Ilẹ̀ Yorùbá ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ní 1959. Àwọn sístà Kátólíìkì tó ń darí ibẹ̀ kó èèyàn jọ láti gba àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde nímọ̀ràn nípa iṣẹ́, 54 nínú 60 ọmọ náà sì rí iṣẹ́ ṣe. Láti 1977 ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti sọ pé kí ilé ẹ̀kọ́ girama máa ní kọ́ńsẹ́lọ̀. Yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ń kọ́ wọn jáde. Kí ló wá dé tí a kò rí wọn?

Ibi tí a ti rí wọn, ohun tí àwọn ẹbí wa sọ fún wa ni pé kọ́ńsẹ́lọ̀ ló tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ míì láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Bí ó bá ní ọ́fíìsì, òun àti igbákejì pùríńsípà tó ń rí sí ìbáwí ló jọ ń lò ó. Ọmọ wo ló máa wọlé lọ sọ pé síníọ̀ ń gba owó oúnjẹ òun, tàbí pé tíṣà kan ń fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, nígbà tí pàṣán wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀? Ọmọ náà á gbé e mọ́ra. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá nílé ẹ̀kọ́, àwa á ní olórí kunkun ni. Ọ̀míràn kò ní jẹun mọ́, wọ́n á gbé e lọ fún àdúrà. Àdúrà dára, a ń gbà á níbí náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń na ọmọ yẹn ṣì wà ní kíláàsì.

Nítorí náà, kọ́ńsẹ́lọ̀ tí à ń wí kò gbọdọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ míì, kò gbọdọ̀ mú pàṣán, kí ó sì ní yàrá tó ní ilẹ̀kùn. Kí ó lè kọ̀wé tààrà sí ẹni kan ní Abéré, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, bí ọ̀rọ̀ bá kan olùkọ́ tàbí pùríńsípà. Kí ọ̀nà là láàárín rẹ̀ àti àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UNIOSUN (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun), torí ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó ju ìmọ̀ràn lọ. Ní ibi tí a ń gbé, dandan ni kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ àgbà kan tí ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀, gbogbo ọmọ ló sì mọ orúkọ ẹni náà.

Ní ti pàṣán fúnra rẹ̀, ìgbìmọ̀ wa kò fohùn ṣọ̀kan. Àwọn àgbà inú wa ní ẹgba ló sọ àwọn dèèyàn. Àwọn yòókù ní ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni àwọn síníọ̀ yẹn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú bẹ́líìtì. A fi ìyẹn sílẹ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún yín báyìí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí a ó kọ̀wé nìyí. Àwọn tí a kọ ọ́ sí kò dá wa lóhùn. Nígbà tí a kó àga wá, àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ tó wá ya fọ́tò pẹ̀lú wa. Nígbà tí a wá sọ̀rọ̀ nípa ọkàn àwọn ọmọ tó jókòó lórí àga náà, fóònù kò lọ mọ́. Owó wa ni ilé ń fẹ́, wọn kò fẹ́ ohùn wa. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé e wá sí gbangba.

Àwa yóò ṣe yàrá náà ní ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún àkọ́kọ́: ilẹ̀kùn, àga, kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ inú wa yóò máa bá àwọn kọ́ńsẹ́lọ̀ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́. Owó oṣù nìkan ni a fẹ́ kí ìjọba san, kí wọ́n sì yan èèyàn tó kọ́ iṣẹ́ náà, kì í ṣe ẹni tí olóṣèlú kan fi ránṣẹ́.

Kábíyèsí, ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ yín. Bí ẹ bá lè pe àwọn pùríńsípà, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, àwọn ìmáàmù àti pásítọ̀ jọ sí ààfin lẹ́ẹ̀kan péré lórí ọ̀rọ̀ yìí, a mọ̀ pé wọn kò ní lè kọ̀ fún yín.

A ń retí èsì yín kí àwọn ọmọ tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Bí kò bá sí èsì, a ó tún kọ òmíràn, gbangba náà ni a ó sì kọ ọ́ sí.

Àwa ni tiyín,
Alága, Akọ̀wé, Ìyá Ẹgbẹ́ àti Akápò,
ní orúkọ ìgbìmọ̀ àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.