Òkè ilé yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́ o

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí akọ̀ròyìn yín kọ nípa bí wọ́n ṣe fi ọjọ́ kan yí ìlú àtijọ́ Fez ká ní Mòrókò, mo gbádùn ẹ̀ torí èmi náà ti dé ibẹ̀, àmọ́ ibi tó ti ní wọ́n mú àwọn gun òkè ilé lọ wo àwọn tó ń fọ awọ "lọ́fẹ̀ẹ́", ibẹ̀ ni mo ti sọ pé rárá, mo máa kọ lẹ́tà. Ọ̀fẹ́ bíi báwo?

Iṣẹ́ awọ ni mò ń ṣe ní Ọ̀yọ́ níbí, tìmùtìmù, àpò, bàtà, inú ilé wa la bí iṣẹ́ náà sí. Ziyara, ìyẹn ìrìn àjò lọ kí ibojì ẹni mímọ́, ló gbé mi dé Fez, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gbé ọ̀pọ̀ àwa Mùsùlùmí ẹgbẹ́ Súfì Tijániyyà dé ibẹ̀, torí ibẹ̀ ni Ṣéèhù Ahmad Tijani tó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ kú sí lọ́dún 1815, àárín ìlú àtijọ́ yẹn gan-an ni zawiya wọn, ilé ìjọsìn tí ibojì wọn wà, wà. Ẹ́jẹ́ǹtì wa wá ní ọjọ́ kan á wà tí gáìdì á mú wa wo àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Àwọn yòókù ń wá ibi ya fọ́tò, èmi ń wá ibi tí mo ti máa rí awọ.

Ká sọ òótọ́, ìlú yẹn kàmàmà. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, mọ́ṣáláṣí Qarawiyyin tó wà nínú ẹ̀, ọdún 859 ni wọ́n ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Fatima al-Fihri dá a sílẹ̀, UNESCO náà sì ti kọ orúkọ ìlú náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé láti 1981. Mọ́tò ò lè wọ ibẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ìbaaka ló ń ru ẹrù, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ "balak! balak!" lẹ́yìn yín ẹ yáa lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹranko tó ru awọ tútù ò mọ àlejò. Ní gbàgede Seffarine, àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà jókòó síta wọ́n ń lu ìkòkò tó tó èyí tá a fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù níbi ìnáwó, ariwo ẹ̀ ń dún lọ́tùn-ún dún lósì, o ò ní gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ẹ ń sọ. Ká tó rí ibi dúró sí báyìí, gáìdì ti ń pàtẹ́wọ́ pé ká máa bọ̀.

Ká wá bọ́ sórí Chouara, ibi tí wọ́n ti ń fọ awọ. Ẹ wò ó, iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn kòtò funfun ló ṣáájú, omi, iyọ̀, láìmù (ti òkúta o, kì í ṣe èso), ìtọ̀ màlúù àti ìgbẹ́ ẹyẹlé ló wà níbẹ̀. Láìmù ló ń jẹ́ kí irun tú, ìgbẹ́ ẹyẹlé ló ń mú awọ rọ̀ kó tó lè gba aró, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá kó o lọ sínú àwọn kòtò aláró tó tò síbẹ̀ pupa, búráùn, búlúù. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, àwọn ọkùnrin á wọnú kòtò títí dé itan, oòrùn ń pa wọ́n lórí. Òórùn ẹ̀ burú, wọ́n á fún yín ní ewé mínti kẹ́ ẹ fi sí imú (èmi ò gbà á, òórùn awọ ò lè lé mi).

Ṣùgbọ́n ibo lẹ ti ń wò ó? Òkè ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta awọ ló yí kòtò yẹn ká, ká tó gun òkè, inú ṣọ́ọ̀bù la gbà, tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀ inú ṣọ́ọ̀bù náà la máa gbà, kóòtù, báàgì, sálúbàtà, tìmùtìmù tí wọn ò tíì ki nǹkan kan sí nínú, gbogbo ẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, iye tí wọ́n á kọ́kọ́ pè á fẹ́rẹ̀ẹ́ dá yín níjì, gáìdì á sì dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé kò mọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ kọmíṣọ̀n ẹ̀ wà nínú iye tí wọ́n ń pè yẹn. Ọkùnrin tó dúró sínú ìgbẹ́ ẹyẹlé ń kọ́? Mo ní kí gáìdì mú mi sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn kí n fún wọn ní nǹkan, ó ní àkókò ò sí. Kò pẹ́ tá a fi jókòó sí ilé oníkápẹ́ẹ̀tì, à ń mu tíì, wọ́n ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lórí kápẹ́ẹ̀tì fún wa! Àkókò ti wá dé nìyẹn.

Oníṣọ́ọ̀bù yẹn tún ń fọ́nnu fún mi pé kò síbi tí wọ́n ti mọ awọ bíi tàwọn. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni, torí púpọ̀ nínú awọ tí òyìnbó ń pè ní awọ Mòrókò láyé ijọ́un, ewúrẹ́ pupa Sókótó ló ni ín, àwọn ràkúnmí ló gbé e gba aṣálẹ̀ kọjá.

Ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò ní Ain Nokbi lẹ́yìn ìlú ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Wọ́n ń ta ọjà níbẹ̀ náà o, àmọ́ iṣẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ rí. Kóró àti èérún ólífì ni wọ́n ń dáná sí ìléru. Àwọn tó ń gé táìsì aláràbarà tí wọ́n ń pè ní zellige jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òòlù tó wúwo ni wọ́n fi ń gé e ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n á dojú ẹ̀ délẹ̀ tò ó jọ, wọ́n á da nǹkan lé e lẹ́yìn kó lè dì mọ́ra, títí wọ́n fi máa yí i padà wọn ò rí àwọ̀ tí wọ́n ń tò, orí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Mi ò ní kí gáìdì má jẹun. Ẹni tí ò ní gáìdì á sọnù ni. Àmọ́ kẹ́ ẹ wá èyí tí ìjọba fún ní káàdì tó ń gbé kọ́rùn, kẹ́ ẹ sanwó ẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì ti bá a sọ ọ́ láàárọ̀ pé ẹ ò fẹ́ ṣọ́ọ̀bù kankan, ibi iṣẹ́ lẹ fẹ́. Ẹ̀yin ẹ́jẹ́ǹtì ziyara náà, ẹ fi ọjọ́ kejì kún un jọ̀ọ́.

Tí akọ̀ròyìn yín bá tún ń lọ, kó sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí kòtò, kó béèrè iye tí wọ́n ń san fún ẹni tó fọ awọ kan, kó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iye tí wọ́n ń ta báàgì lókè. Ìyẹn ni mo fẹ́ kà.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ awọ kan, Ọ̀yọ́