Ìlérí Oṣù Kejìlá Ti Di Ti Oṣù Mẹ́wàá: Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ìlú

Ẹ ọ̀kun o, ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, l'Ékòó, l'Ábújá àti lókè òkun.

A ò ní tún ìtàn sọ. Ẹ̀yin náà lẹ pàtẹ́wọ́ ní gbọ̀ngàn ní Oṣù Kejìlá nígbà tí a pinnu pé ogún olùyọ̀ǹda la máa kọ́, tí yóò máa lọ tọ́jú àwọn tí dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé lọ sílé. Mẹ́jọ péré la tíì kọ́. Àwọn méjìlá yòókù ń béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé débi pé ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ sọ́jà.

Ti owó àkọ́kọ́, a ti gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lórí WhatsApp, pé alága ti fi kọ́lé. ₦640,000 ló wọlé. Owó olùkọ́, oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún, ìbọ̀wọ́, rọ́bà tí a ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, owó ọkọ̀: a kà á síta ní ìpàdé Àjíǹde, kò sẹ́ni tó nawọ́. ₦11,500 ló kù. Ilé alága tí ẹ ń tọ́ka sí, láti 2016 ló ti dúró sí ojú fèrèsé.

Ẹni tó ní kí làwọn mẹ́jọ yìí ń ṣe, ì bá wà nínú yàrá ìyá wa kan lóṣù tó kọjá. Jẹjẹrẹ ọmú ti wọ eegun, omi ò lọ lọ́nà ọ̀fun mọ́. Ọmọ wa tó ń ta gààrí ló ń rẹ òwú sómi, tó fi ń pa á létè. Wákàtí méjì méjì ló ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò. Ó kọ́ àwọn ará ilé pé kí wọ́n má dúró de ìrora kí wọ́n tó fún un lóògùn tí dókítà kọ, àsìkò ni kí wọ́n máa wò. Kò gún abẹ́rẹ́, kò ṣèlérí ìwòsàn. Lóru ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó dì í lọ́wọ́ mú, kò sọ̀rọ̀.

Ọmọ mẹ́ta ni ìyá náà ní l'Ékòó. A ò dárúkọ. Màlúù méjì ṣubú níbi ìsìnkú, aṣọ ẹbí ₦18,000 sì tán kó tó délé. Ẹ̀yin tí ẹ rà á náà lẹ ní ọjà ò tà nígbà tí a ní ₦5,000. Òótọ́ ni, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ṣùgbọ́n ṣé ọjọ́ pósí ni sísìn ń bẹ̀rẹ̀ ni?

Ní Kerala, ní Íńdíà, owó táṣẹ́rẹ́ tí ará àdúgbò ń dá ló gbé irú iṣẹ́ yìí ró. Ká má tiẹ̀ lọ jìnnà: ìlú tó wà lẹ́yìn òkè yìí, tí a jọ bẹ̀rẹ̀, ti kọ́ ogún tiwọn tán, wọ́n tún ti ra kẹ̀kẹ́ aláìsàn méjì. Àwọn tó ń wá yá àga lọ́wọ́ wa! Àwa ọmọ Ìjùmú ní Kogi, tí ọ̀jọ̀gbọ́n wa fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju mọ́tò lọ, àwa ni wọ́n ń bi pé ibo lẹ bá a dé.

Láti kọ́ àwọn méjìlá tó kù: ₦5,000 fún ará ilé, ₦20,000 fún ará ẹ̀yìn odi. Àkáǹtì ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ni. Ẹ kọ orúkọ àti àdúgbò yín sí i. Ẹ má fowó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Owó sísan parí ní 31 Oṣù Kẹwàá.

A máa lẹ orúkọ àwọn tó san mọ́ ògiri gbọ̀ngàn. A máa lẹ ti àwọn tó ṣèlérí náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.