Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń fi owó kírípítò ṣe fújà

Àbúrò mi,

Mi ò ní dárúkọ rẹ níbí. Ìwọ náà mọ̀ pé ìwọ ni mò ń bá wí. Nígbà tí mo pè ọ́ lánàá, o ní "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," o sì pa fóònù mọ́ mi létí. Ó dáa. Gbangba tí o ti ń fọ́nnu ni èmi náà á ti fèsì, bóyá ẹlòmíì tó ń ṣe bíi tìẹ á rí i kà.

Fọ́tò owó kírípítò rẹ, owó orí ẹ̀rọ tí kò sí báńkì nídìí rẹ̀, tí o gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ Sátidé ni mo ń sọ. Mo jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 20. O mọ̀ pé mi ò mọ ohunkóhun nídìí kọ̀ǹpútà ju kí n fi ìka méjì fẹ àwòrán lójú lọ. Iye tó wà nínú àpò rẹ hàn ketekete. Ìyẹn lo kúkú fẹ́ ká rí. Lókè rẹ̀, díẹ̀ lára àdírẹ́ẹ̀sì àpò náà, tó dà bíi nọ́ńbà àkáǹtì, yọ síta, lẹ́tà mélòó kan níbẹ̀rẹ̀, mélòó kan níparí. O rò pé díẹ̀ yẹn ò lè ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo rántí pé o ti lẹ gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì náà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó lóun fẹ́ pín owó fáwọn èèyàn. Mo wá a, mo rí i, ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí bára mu. Ìwé àkọsílẹ̀ Bitcoin, irú kírípítò tí o ní, ò nílẹ̀kùn: ẹni tó bá ti ní àdírẹ́ẹ̀sì á rí gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde láti ọjọ́ tí o ti ṣí i. Mo bá tún kọjá sí fọ́tò ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ. Nọ́ńbà ilé ń bẹ lára géètì, lẹ́yìn bàlúùnù tí ẹ so mọ́ ọn. Lójú ìwé ìyàwó rẹ, ọmọ wọ aṣọ iléèwé, orúkọ iléèwé sì wà láyà aṣọ.

Ìṣẹ́jú 20, èmi tí mi ò gbèrò ibi sí ọ.

O máa ń sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó lè jí i, pé ọ̀rọ̀ àṣírí 24 lo fi tì í, pé kò sí kọ̀ǹpútà láyé tó lè mọ̀ ọ́n. Mo gbà. Àmọ́ ta ló fẹ́ fi kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n? Àwọn tó wà nídìí òwò yìí gan-an lórúkọ fún un: ìkọlù sípánà ni wọ́n ń pè é, nítorí sípánà olówó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ẹni tó ká ọ mọ́lé á ṣí ohun tí ẹ̀rọ ò lè ṣí. Tó bá jẹ́ owó báńkì ni, wọ́n lè dá a dúró, wọ́n lè fi òfin tọ ipasẹ̀ ẹni tó gbà á. Tìẹ, bó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, kò sí ọ̀gá kankan tó lè pàṣẹ pé kó padà. Ohun tó ń dùn mọ́ ọ nínú rẹ̀ náà ló ń dùn mọ́ olè.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Amouranth, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó gbajúmọ̀ nídìí fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé àwòrán àpò Bitcoin rẹ̀ sórí X, ó ń bi àwọn èèyàn bóyá kí òun tà á. Owó ibẹ̀ tó nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn ọkùnrin oníbọn ti já wọlé rẹ̀ ní Houston, kírípítò ni wọ́n ń bi í. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, wọ́n jí David Balland àti obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé gbé nílé wọn ní Faransé, wọ́n sì gé e níka kí ọlọ́pàá tó gbà wọ́n sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá Ledger sílẹ̀ ni, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kékeré tí ìwọ náà fi ń tọ́jú tìẹ.

Èyí tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni ti oṣù karùn-ún, ní Paris. Ọmọ ló là nídìí kírípítò, baba rẹ̀ ni wọ́n gbé lójú títì. Wọ́n gé bàbá náà níka, wọ́n ń béèrè owó lọ́wọ́ ọmọ. Ọlọ́pàá padà gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìka ti lọ. Jọ̀ọ́, lọ wo fọ́tò tí o yà pẹ̀lú Màmá, èyí tí o kọ "ìyá olówó" sábẹ́ rẹ̀.

Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Òrofó bímọ mẹ́fà, ó ní ilé òun kún ṣọ́ṣọ́ṣọ́. Àwọn kan wà tí wọn ò tiẹ̀ la ẹnu tí àṣírí wọn fi tú: ní ọdún 2020, àdírẹ́ẹ̀sì ilé àwọn oníbàárà Ledger tó lé ní 200,000 bọ́ síta. Wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìwọ, ọwọ́ ara rẹ lo fi tú tìẹ.

Èmi náà ò mọ́ nínú ẹ̀, kí n má purọ́. Mo ti sọ ọ́ níbi iṣẹ́ pé àbúrò mi ti là. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí pè mí, ó pe orúkọ rẹ, ó ní ṣé ilé àtijọ́ lo ṣì wà. Mo ní ta ni? Ó pa fóònù. Láti ọjọ́ náà ni oorun mi ò ti já geere.

Mo ti bi ẹnì kan tó gbọ́ tinú tẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí o pín in sábẹ́ kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, kí ó jẹ́ pé méjì gbọ́dọ̀ pàdé kí kọ́ìnì tó lè kúrò, kí ìkankan wọn má sì sí nílé. Ó dára, ṣe é. Ó tún ní àwọn kan máa ń fi owó díẹ̀ sínú àpò kékeré tí wọn á gbé fún olè bó bá dé. Ìyẹn ni mo fi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbànújẹ́. Ta ni wàá gbé àpò kékeré fún, nígbà tí ìwọ fúnra rẹ ti kọ iye tó wà nínú ńlá fún wọn? Bí ọjà bá já lulẹ̀ lọ́la tí owó rẹ ku ìdajì, iye tó wà lọ́kàn wọn ò ní já.

Pa àwọn fọ́tò yẹn rẹ́. Bẹ̀rẹ̀ látorí ti ọmọ, ti owó lè tẹ̀lé e. Àpò yẹn náà, má kàn da owó inú rẹ̀ sínú tuntun tààrà, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á rí ipasẹ̀ rẹ. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kí o tó gbé e.

Kí o sì gbé ìpè mi lálẹ́ òní. Kì í ṣe owó ni mo fẹ́ tọrọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.