Ìpàdé lórí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ bátìrì

Ẹ̀yin onílé àti ayálégbé àdúgbò wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Ìpàdé wà ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ọgbà ilé alága. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí àwọn tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ fi sílẹ̀ la fẹ́ jíròrò. Gbogbo wa la ti rí pátákó ńlá tí wọ́n gbé síbẹ̀ pé ilẹ̀ náà ti mọ́ tónítóní. Lójú tèmi, ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni wọ́n kàn fi kun ògiri, wọ́n gbin òdòdó sẹ́nu géètì, ó parí. Lẹ́yìn òjò ìjẹta, mo fi igi wa ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà wọn. Kò tiẹ̀ jìn rárá tí ìdàrọ́ dúdú fi yọ.

Òjé, irin olóró tó wà nínú bátìrì ọkọ̀, kì í jẹrà. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé inú erùpẹ̀ tí wọ́n ń fọ́ wá wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Ńṣe ni wọ́n kó erùpẹ̀ òkè kúrò láwọn abúlé náà, tí wọ́n da èyí tó mọ́ síbẹ̀. Nítorí náà, èsì àyẹ̀wò erùpẹ̀ la máa béèrè, kì í ṣe pátákó.

Kí ẹni tó ní kànga nítòsí ibẹ̀ bu omi wá nínú ike tó mọ́, kó kọ nọ́ńbà ilé rẹ̀ sí i lára. Owó àyẹ̀wò jẹ́ ₦2,000 lójúlé kọ̀ọ̀kan. Akápò ni kẹ́ ẹ fún, ẹ má fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn ọmọ má lọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ mọ́.

Ẹ fèsì kó tó di Ọjọ́bọ̀, ká lè mọ iye àga tá a máa yá.

Akọ̀wé yín