Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Aránṣọ Agége sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Lórí Ọ̀rọ̀ Àwọn Ọmọ Ìta

Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú wàhálà wa.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Awawa, ẹgbẹ́ òkùnkùn àwọn ọmọ ìta tó ń da Agége láàmú, ló mú wa kọ̀wé sí yín. Ẹ ò ní í gbàgbé oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ti ìlú pa nítorí kòrónà, tí gbogbo àdúgbò ń sun táyà lóríta mọ́jú nítorí ìbẹ̀rù wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn ọlọ́pàá ti ń kó ọmọ, àwọn ọmọ Awawa náà ò sì tán.

A ò bá òfin jà. Èyí tí Gómìnà Sanwó-Olú fọwọ́ sí ní 2021 dára: ẹ̀wọ̀n ọdún 21 fún ẹni tó bá ṣẹgbẹ́ òkùnkùn, yálà ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú àdá lọ́wọ́ ni kí wọ́n mú. Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́lé, àwa àtàwọn ọmọṣẹ́ wa a máa ránṣọ di alẹ́ pátápátá. Ọ̀kan nínú wọn ń relé, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì wà láyà ẹ̀wù rẹ̀, ni wọ́n bá gbé e jù sínú ọkọ̀. Ẹ̀rọ tí ìyá rẹ̀ rà fún un ni ìyá náà tà kó tó rówó béèlì, béèlì tí gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ náà ò padà síṣẹ́ mọ́. Àwọn tó bá pàdé ní àhámọ́ ló ń bá rìn báyìí. Ó dùn wá wọra.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bá DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá wa, sọ̀rọ̀: bí ọmọ bá ti mú káàdì ẹgbẹ́ wa dání, kí wọ́n pe ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n tó tì í mọ́lé. Kí iná òpópónà sì máa tàn.

Èyí tó jẹ wá lógún jù ni ọmọ tó jáde ìwé mẹ́wàá, tí òbí rẹ̀ ò rówó ìkọ́ṣẹ́ san. Irú wọn ni àwọn Awawa ń fi igbó àti owó tàn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ kọ́ṣẹ́ parí, wọ́n ṣe fírídọ́ọ̀mù, àmọ́ wọn ò ní ẹ̀rọ, ni wọ́n bá padà sí ìdí igbó. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá lè ra ẹ̀rọ àti áyọ́ọ̀nù, tí wọ́n á di ti ọmọ lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù rẹ̀, àwa ò ní í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí kankan. A ó gba àwọn tó ti wọ ẹgbẹ́ Awawa, tó sì fẹ́ jáde, pẹ̀lú.

Ẹ fún wa láyè ká wá rí yín kí ẹ tó ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. A ó mú orúkọ àwọn ọ̀gá tó ti gbà láti kọ́ wọn dání.

Àwa ni,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.